Pump action fún ìṣọ́ ọjà wa: kí la fẹ́ fi owó náà rà?

(Ọ̀rọ̀ ohùn ni. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ.)

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kaduna níbí, ẹ̀yin ti Kano, ti Jos, ti Minna, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà Port Harcourt lọ, gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Alága, mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbọn torí pé ọmọ ọdẹ ni mí. Òótọ́ ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi fi epo nu ìbọn ẹlẹ́nu méjì rẹ̀, èyí tí a ń pè ní double barrel. Ṣùgbọ́n irin ni mò ń tà o, mi ò ta ìbọn rí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: fọ́léfọ́lé wọ ìlà àwọn aláṣọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní igi àti fèrè tó wà lọ́wọ́ mèígáàdì ò tó mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Lẹ́yìn náà lẹnìkan fi àwòrán pump action dúdú kan sórí group, ó ní òun mọ ẹni tó ń tà á, pé tòkunbọ̀ tó dáa ni, kì í jáàmù. Alága wá bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ pump action tó ṣeé gbára lé.

Mo máa dáhùn, n ò ní fò ó. Ọ̀pọ̀ wa, inú fíìmù la ti mọ ìbọn yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Pump action, ọ̀pá kan ṣoṣo ni ọta ń gbà jáde. Ọ̀pá kejì tí ẹ ń rí lábẹ́ rẹ̀, tó dà bí páìpù, inú ibẹ̀ la ń to kátíríìjì sí, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Sípíríǹgì ló ń tì wọ́n. Òmíràn ń gba mẹ́rin, òmíràn márùn-ún, àwọn tó gùn ń gba méje, mẹ́jọ. Ibi tí ọwọ́ òsì dì mú lábẹ́ ìbọn, ṣe ló ń lọ ló ń bọ̀. Bí o bá fà á sẹ́yìn, ó yọ kátíríìjì tó ti yìn, ó sì jù ú síta. Bí o bá tì í síwájú, ó gbé tuntun wọlé, ó sì tì í pa. Ariwo kàrà-kà tí ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Nọ́ńbà 12 tí ẹ ń gbọ́, "twelve gauge", ẹ̀yin tí ẹ ń ta irin bíi tèmi á gbádùn èyí. Bí a bá pín òjé tó wọn pọ́ùn kan sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, tí a rọ ìdá kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù róbótó, bí bọ́ọ̀lù yẹn ṣe tóbi náà ni ihò ìbọn ṣe tóbi, ìyẹn bíi mìlímítà 18 àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbọn nọ́ńbà 20 fi kéré sí ti 12. Bí pọ́ùn kan bá di ọ̀nà 20, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á kéré.

Ní Amẹ́ríkà, ìbọn yìí lókìkí gidi. Remington 870 ti wà lórí igbá láti 1950, èyí tí wọ́n ti ṣe sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Mossberg 500 dé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹ ń lò wọ́n níbẹ̀, ọlọ́pàá ń lò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Texas, tó fi fídíò ránṣẹ́ sí wa, kò parọ́ nígbà tó ní wọn kì í dá wàhálà sílẹ̀.

Kí ló wá ń jẹ́ kí ọ̀kan dára ju ìkejì lọ? Ẹ wo àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ibi tí ọwọ́ òsì ń fà mọ́ inú ìbọn. Èyí tó ní méjì, ọ̀tún kan, òsì kan, ló ń lọ ló ń bọ̀ láì há. Èyí tó ní ẹyọ kan lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọwọ́ bá fà á tagbáratagbára. Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ kékeré tó ń gbá etí idẹ kátíríìjì mú kó lè fà á jáde. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ, kátíríìjì tó ti yìn á dúró sínú ihò, ìbọn náà á wá di igi. Ní ti ara ìbọn, bóyá irin ni tàbí alumíníọ̀mù, kì í ṣe òun ló yẹ kó kó yín láyà sókè. Nínú àwọn méjì tí mo dárúkọ yẹn, inú irin tó so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn gan-an ni ìdè rẹ̀ ń há sí, alumíníọ̀mù kọ́ ló ń gba agbára yíyìn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí pump action jáàmù jù, ọwọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá, ààbọ̀ ló máa fà. Kò ní fà á dé ìdí kó tó tì í síwájú. Èyí tó ti yìn ò ní jáde, tàbí kí tuntun má wọlé. Ẹni tó ti ń yìn ín láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mèígáàdì tí a jí lójú oorun ní aago méjì òru ńkọ́? Ó ku ohun kan tó máa ń dẹ́rù ba àwa ọmọ ọdẹ: o ò lè wo ìta rẹ̀ kí o mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan lè fà á lẹ́ẹ̀kan, kí kátíríìjì kan fò jáde, kó ní ó ti tán. Mẹ́rin ṣì wà nínú páìpù ìsàlẹ̀ o. Bó bá tì í síwájú báyìí, ọ̀kan ti wọlé. Ìbọn tí ẹni méjì ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ bí iṣẹ́ alẹ́ bá yí, irú ẹ̀ ni mo ń sọ yìí.

Ẹ má bínú, oníbàárà ló dé. Mo ti dé padà.

Ó dáa. Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, ibi tí òfin ti gbà á ló wúlò fún. Níbí ńkọ́? Òfin ìbọn wa, Firearms Act, láti 1959 ló ti wà, wọ́n ń tún un ṣe bọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí à ń ti ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù sí. Ọ̀nà kejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní fún ara rẹ̀: ìbọn ọdẹ tí kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń gbé ọta mìíràn wọlé, irú ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì tí à ń ṣẹ́ láàárín, àti àwọn ráífù ọdẹ kan, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí òfin kà léèwọ̀. Ẹ gbọ́ àwọn tó wà níbẹ̀: bọ́ǹbù, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìbọn arọ̀jò ọta, ráífù ológun, pístù. Pump action wà lára wọn. Kò sì sọ pé èyí tó gùn tàbí èyí tó kúrú, pump action ní gbogbo oríṣi rẹ̀ ló kọ sílẹ̀.

Láísẹ́ǹsì ti ọ̀nà kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ni òfin fún lágbára láti fi sílẹ̀. Ti ọ̀nà kìíní, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan. Ẹni tó fẹ́ ta èyí fún wa, ẹ ní kó mú ìwé tí Ààrẹ fi gbà á láyè wá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé òun ti fi ojú ara òun rí láísẹ́ǹsì pump action. Àbúrò mi, wo ìwé yẹn dáadáa. Irú ìbọn tó wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ mu, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n gbẹ́ sára irin mu. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìwé double barrel ló wà lọ́wọ́ wọn, pump action ni wọ́n so kọ́ ògiri. Ìwé yẹn ò gba ẹnì kankan sílẹ̀ ní kóòtù. Òmíràn sì rèé, ayédèrú pátápátá ni, èyí tí ajẹ́ńtì ń tà mọ́ ìbọn bí ẹni ń ta ìdérí mọ́ ìkòkò.

Ẹ̀wọ̀n tó kéré jù tí òfin yẹn là sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní irú ìbọn eléèwọ̀ yìí láì gbàṣẹ jẹ́ ọdún 10. Kéré jù, mo ní. Òfin ò sì sọ pé ẹni tó gbé e dání nìkan. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni ó wí. Mèígáàdì ló máa gbé e lóru, àmọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀? Alága. Ta ló gba owó? Akapò. Orúkọ àwọn tó san ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún ńkọ́? Ó wà lórí group yìí pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n san án. Bí ìwádìí bá bẹ̀rẹ̀, fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.

Èyí tó kàn, mo máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Àtìpó la jẹ́ níbi tí a wà. A ti pẹ́, a ti bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wa ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ, síbẹ̀ àtìpó ni wá. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú nílùú, tí wọ́n wá bá ìbọn eléèwọ̀ nínú ìlà ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ti Yorùbá, ẹ̀yin náà mọ ìròyìn tó máa jáde. Kò sẹ́ni tó máa rántí fọ́léfọ́lé mọ́.

Ẹnìkan tún ní àwọn 'yan banga ń gbé e kiri, kò sẹ́ni tó mú wọn. Èmi náà rí wọn. Ohun tó wà láàárín wọn àti ẹni tó fún wọn, àwọn ló yé. Kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ tiwa.

Ní ti tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè é, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irú rẹ̀ ti ń gba wọlé. Ní January 2017, àwọn aṣọ́bodè mú 661 pump action lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Èkó. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kọ sórí ìwé kọntéínà náà. Èmi tí mò ń ta ilẹ̀kùn irin, ẹ lè mọ bó ṣe rí lára mi. Ní May ọdún yẹn, wọ́n rí 440 mìíràn ní Tin Can. Nígbà tó di September, 1,100 lẹ́ẹ̀kan, 470 lẹ́ẹ̀kan, ní Tin Can kan náà. Ẹ ro ó pọ̀, 2,671 ni lọ́dún kan, ìyẹn sì ni èyí tọ́wọ́ tẹ̀. Turkey ni wọ́n ní ó ti wá. Ẹ̀yin ará Port Harcourt náà á rántí ti Onne: ìbẹ̀rẹ̀ July 2024 ni aṣọ́bodè kéde rẹ̀, ìbọn 844 àti ọta 112,500, Turkey náà ni.

Turkey ń ṣe ìbọn tó dára o, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn irin wọlé, ta la máa bi bí kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn bá jẹ? Ibo la ti máa rí èlò rẹ̀ rà? Ta ló yìn ín wò kó tó kúrò nílé iṣẹ́? Bó bá sì ti kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ wo ló ti bá ẹni yẹn ṣe? Irin tó ń gbá ìdí kátíríìjì máa ń fi àpá sílẹ̀ lára idẹ, àwọn tó mọ̀ ọ́n wò sì lè fi àpá yẹn mọ ìbọn tó yìn ín. Adigunjalè lè ti lò ó níbòmíràn, kí wọ́n wá bá a lọ́wọ́ wa. Torí náà, Alága, pump action tó ṣeé gbára lé, tí a ó rà lọ́wọ́ ẹni yẹn, kò sí.

Wọ́n á ní ṣé ká wá ra double barrel fún mèígáàdì ni? Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe fún ọjà. Láísẹ́ǹsì, orúkọ ènìyàn ló ń wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Àní àwọn ilé iṣẹ́ ìṣọ́ tó ní ìwé ìjọba, àwọn tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ní ẹnu ọ̀nà báǹkì, òfin wọn láti 1986 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn ṣiṣẹ́. Ìbọn tí ẹ ń rí ní báǹkì, ọlọ́pàá ló gbé e.

Àwọn tó ní oko lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí tí ilé wọn wà ní ẹ̀yìn ìlú, ti béèrè lọ́wọ́ mi níkọ̀kọ̀ bóyá ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní double barrel. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún un, bí ọlọ́pàá bá fọwọ́ sí i. Ìwé ló kọ́kọ́ ń wá, ìbọn ló ń tẹ̀lé e. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Òfin ò fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Bí ìwé bá jáde, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa ta ìbọn ni kí ẹ ti rà á. Kí ẹ sì rántí pé ìwé náà ní ọjọ́ tó ń kú, ẹ máa tún un ṣe.

Wàyí o, bí a ṣe ń yan ẹlẹ́nu méjì, ibí ni mo ti lè sọ̀rọ̀ fàlàlà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé tí o bá ṣẹ́ ẹ láàárín, ojú rẹ ló máa sọ fún ọ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ihò méjì ni, o rí wọn gbayawu. Kò sí páìpù tó fi nǹkan pamọ́. Èyí tó bá ní ibi méjì tí ìka ń fà, bí ìbọn méjì ló ṣe rí. Bí ti ọ̀tún bá kọ̀, ti òsì wà níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tì í pa, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jẹ, ẹ gbé e kalẹ̀. Irin tí à ń fi àtàǹpàkò tì lókè kó tó ṣí, bí ìbọn ṣì lágbára, bó bá padé, ó máa ń dúró díẹ̀ sápá ọ̀tún. Bó bá ti kọjá àárín bọ́ sápá òsì, ìdè inú rẹ̀ ti jẹ púpọ̀. Ẹ tú ọ̀pá méjèèjì kúrò lára igi, ẹ gbé e sójú ọ̀run, ẹ wo inú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí òbìrípo ìmọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí òbìrípo bá ṣẹ́ níbì kan, ibẹ̀ ti tẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tótòtó bí ojú ṣaṣa, ìpẹtà ti jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa mọ èyí: bí ẹ bá ń ra ìkòkò amọ̀, ẹ ó fi ìka kàn án, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fi okùn so ọ̀pá méjèèjì rọ̀, ẹ fi ìka kàn án. Ó yẹ kó dún bí agogo. Bó bá dún bí agolo tó ń gbọ̀n, ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pá kan mọ́ ìkejì ti ń tú.

Ìbọn àtijọ́ wà tí ara ọ̀pá rẹ̀ ní iṣẹ́ bí òwú tí a lọ́ pọ̀. Ó rẹwà lójú, ẹ̀tù dúdú ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi kátíríìjì òde òní sí i. Ẹ tún wo nọ́ńbà gígùn tó wà lára ìbọn: 65 tàbí 70, mìlímítà ni. Èyí ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kátíríìjì 70 máa ń wọ ìbọn 65 wẹ́rẹ́, ẹ ó rò pé ó bá a mu. Gígùn tí wọ́n kọ sára kátíríìjì, ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí, lẹ́yìn yíyìn, ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ẹnu yẹn bá ṣí nínú ihò tó kúrú, kò sí àyè fún un, agbára á wá ga ju ohun tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún.

Igi rẹ̀, ẹ wo ọrùn ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú, ibẹ̀ ló máa ń sán. Ìbọn Awka, mo mọ̀ pé ẹ ń dúró kí n dé ibẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka mọṣẹ́, okìkí wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ ìbọn láì gbàṣẹ ti rú òfin, àwọn kan sì wà káàkiri tó jẹ́ páìpù omi ni wọ́n ń gé. Páìpù omi, èmi ni mò ń tà á. Agbára omi ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá bẹ́, ojú àti ọwọ́ òsì ẹni tó yìn ín ló ń bá a lọ.

Kátíríìjì, ẹ má kó o sínú bàǹtì awọ kó pẹ́ níbẹ̀, awọ ń jẹ́ kí idẹ rẹ̀ yọ àwọ̀ ewé. Èyí tó bá ti wú nígbà òjò, ẹ má fi ipá tì í wọlé. Ní ọyẹ́ Kaduna yìí, epo díẹ̀ ni kí ẹ fi pa ìbọn, kí ẹ nù ún kúrò, torí eruku ń lẹ̀ mọ́ epo. Ìbọn lọ́tọ̀, kátíríìjì lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì. Bí wọ́n bá jí i, teṣọ́ọ̀n ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Níní láísẹ́ǹsì ò sì túmọ̀ sí pé kí a yìnbọn lu olè. Penal Code tí a ń lò ní Àríwá fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí ìdáàbòbò náà nílò lọ. Bí àyè bá sì wà láti ké sí àwọn aláṣẹ, ẹ̀tọ́ yẹn ò sí. Olè tó ti fi ẹrù sílẹ̀, tó ń sá lọ, bí o bá yìn ín lẹ́yìn, ìwọ ni wọ́n máa bá ṣẹjọ́. Ẹ tún rántí bí ọjà wa ṣe rí. Kátíríìjì kan tí wọ́n ń pè ní 00, ọta òjé mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Páànù àti pákó la fi kọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn ọmọ almajiri ń sùn ní ìloro lóru, àwọn alábàárù ń sùn lẹ́yìn àpò. Ọta tó kọjá olè, ara ta ló máa dúró sí?

Owó tó wà nílẹ̀, ìpàdé Sunday ló máa sọ̀rọ̀ lé e. Tèmi ni pé kí a fi ṣe géètì irin sí orí ìlà méjèèjì, kí iná sólà wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a gba àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí Sífù Dìfẹ́ǹsì fọwọ́ sí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì tí wọ́n wọlé, apá ọ̀nà àwọn aláta tó ṣókùnkùn ni wọ́n gbà, ibẹ̀ ò sì ní géètì. Ẹ má sọ pé torí mò ń ta irin ni mo fi ń sọ ti géètì o. Ẹ lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ó ku ìyá kan nínú wa tó béèrè lọ́wọ́ mi, mi ò ní dárúkọ. Ọkọ wọn tó di olóògbé fi ìbọn ẹlẹ́nu méjì sílẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà láti ìgbà náà. Mà, láísẹ́ǹsì bàbá ò di tiyín. Ẹ má gbé e lọ sílé fún ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ má tà á, ẹ má fi ọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹ wá ìwé rẹ̀ àti ìwé ikú bàbá, kí lọ́yà tàbí àgbàlagbà kan tẹ̀lé yín lọ sí teṣọ́ọ̀n kí ẹ lọ sọ fún wọn pé ó wà nílé, kí àwọn fúnra wọn wá gbé e. Kí ẹ gba ìwé pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ọmọ yín ọkùnrin bá fẹ́ ẹ, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láísẹ́ǹsì ti orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, èmi náà á bá yín lọ ní Tuesday, ọjà ò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná lọ́jọ́ yẹn.

Alága, àwòrán ìbọn tó wà lókè yẹn àti nọ́ńbà ẹni tó ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ wọ́n kúrò lórí group. Ẹ sì sọ fún akapò kó dá owó tí wọ́n ti kó jọ padà sínú àpò ẹgbẹ́ títí di Sunday.